Alihamudulilahi Tí O Fi Dá Nọ́ọ̀sì Lóhùn

Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Habeebat, ọmọ mi,

Asalamu alaekun. Mo kí ọ, mo kí Khalifa ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo ará ilé yín ní Igbemo. Ibí yìí ló yẹ kí n kọ ọ́ sí pé mo nírètí pé ara yín le bí tiwa náà ti le níhìn-ín, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́. Tèmi kò le. Tìrẹ náà kò le, mo sì ti gbọ́. Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà tòótọ́, kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹnu lásán sọ.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Bí ẹnu mi bá ṣe é là ni, fóònù ni ǹ bá gbé, gbogbo àdúgbò yín ni ì bá sì gbọ́ ohun tí mo ní sọ. Ṣùgbọ́n ìka kan ṣoṣo ló lè wọ àárín eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀ mi báyìí. Bí mo bá sọ gbólóhùn méjì, àgbọ̀n á máa ta mí títí wọ inú etí. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni inú ti ń bí mi, n kò sì rí ẹnu fi pariwo. Ìwọ náà mọ irú èèyàn tí mo jẹ́, o sì mọ ohun tí ìyẹn lè fi ojú mi rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ya ewé mẹ́rin nínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà, tí mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tí mo ń kọ èyí. Kà á tán. Má kà á dé àárín kí o ní ìyá rẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkíní ni ti eyín mi tí o fi irọ́ bò mọ́lẹ̀. Èkejì ni ti ẹsẹ̀ rẹ tó wú, tí o tún ń fi irọ́ kan náà bò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ sí Ọjà Ọba láti ra ọkà bàbà tí n ó fi ṣe ògì, torí ohun tó ń wọ ẹnu mi kò ju ògì lọ. Mosúnmọ́lá tó ń ta ìrẹsì níbẹ̀, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé yín ní Igbemo, rí mi pẹ̀lú ìborùn tí mo fi di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kọ́kọ́ bá mi kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Habeebat wá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ti ń lọ sílẹ̀ báyìí? Sílípáàsì Khalifa nìkan ló kù tó ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ o." Mo gbé ọkà bàbà tí mo ń rà kalẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi ọ́ pé báwo ni ara, tí o fèsì pé, "Alihamudulilahi Màmá, kò sí nǹkan kan." Oyún oṣù mẹ́jọ, ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà mọ́, ọjọ́ àyẹ̀wò méjì tí Mosúnmọ́lá ní o ti pa jẹ. Kò sí nǹkan kan!

Jẹ́ kí n tún ti eyín mi rò fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. O wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n o kò rí ìparí rẹ̀, mo sì fẹ́ kí o rí ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo lè ṣe.

O mọ eyín ọ̀hún, èyí tó wà lẹ́yìn nísàlẹ̀ lápá òsì. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi í gé òwú. Àlùmọ́gàjí wà lórí tábìlì, abẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eyín ni mo ń lò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ránṣọ náà fi eyín gé òwú títí ó fi kú, mo sì rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Ìgbà tó di oṣù Keje, eyín náà sán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí wá sí orí. Dókítà Ayọ̀rìndé oníṣègùn eyín ya àwòrán rẹ̀, ó fi hàn wá, ó ní, "A ò ní yọ ọ́, Màmá. A ó wẹ inú gbòǹgbò rẹ̀, a ó kó iṣan tó ti ń rà níbẹ̀ kúrò, a ó sì dí i pa." Ìwọ lo ní kí n gbà. Ìwọ náà lo ní kí n má jẹ́ kí wọ́n yọ eyín mi bí ẹni yọ èpò. Mo dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Mi ò ní torí ìbínú gbàgbé oore.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù yìí, ni wọ́n ṣe é. Abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀, n kò mọ ìyókù. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, Nọ́ọ̀sì Bùsáyọ̀ jókòó síwájú àwa méjèèjì, ó la gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wa bí olùkọ́ ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ó ní, "Lónìí, lọ́la, ọ̀tunla, yóò máa dùn yín. Kì í ṣe eyín yẹn gan-an ló ń dùn yín mọ́, ara tó yí gbòǹgbò rẹ̀ ká ló ń ro, torí a ti da ibẹ̀ láàmú. Ẹ jẹun díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lo oògùn, ẹ sì lo iye tí mo kọ, ẹ má fi kún un. Ẹ má fi apá òsì jẹun. Ẹ máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti iyọ̀ yọ ẹnu. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni bóyá ìrora náà ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí ó ń gòkè. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá ń gòkè, tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, ẹ pè wá ní wéréwéré. Àwa náà á pè yín." O ń mi orí bí alángbá. O tilẹ̀ tún un sọ fún un láti fi hàn pé o ti gbọ́.

Ọjọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì, bó ṣe wí ló rí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìrora tí èèyàn lè bá gbé ilé ni. O se ògì fún mi, o gún iṣu tó rọ̀, mo lo oògùn mi, mo sùn. Mo tilẹ̀ gé aṣọ oníbàárà kan lọ́jọ́ kejì. Mo ní ọ̀rọ̀ àwọn dókítà yìí mà wúlò o.

Ọjọ́ kẹta tíí ṣe Jímọ̀ ló yí padà. Láti ìgbà tí mo ti kírun àárọ̀ tán ni nǹkan ti ń lù kì, kì, kì, lábẹ́ etí mi. Kí oòrùn tó mú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta. Títílayọ̀ ará ẹ̀gbẹ́ ilé wa wọlé, ó wò mí, ó ní, "Ṣé wọ́n ní àwọn ti pa eyín náà? Òkú wo ló ń ké ìrora? Kòkòrò rẹ̀ ni wọn ò yọ." Ó lọ oògùn ara ríro kan kúnná, ó ní kí n fi há ẹ̀gbẹ́ eyín. Mo há a. Kò pẹ́ tí èrìgì mi fi bó funfun bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Mo bínú sí òun náà, mo sì bínú sí ara mi tí mo gbà á. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó síwájú Títílayọ̀ kọ́ ọ. Ìwọ ni wọ́n kọ́.

Ìgbà náà ni fóònù mi dún. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ìwọ lo gbé e. Mo gbọ́ ohùn Nọ́ọ̀sì Bùsáyọ̀ ketekete, torí o mọ bí fóònù yẹn ṣe máa ń pariwo. Ó ní, "Màmá wa ńkọ́? Ara ńkọ́?" Mo na ọwọ́ sí ọ pé kí o gbé e wá. O yíjú sí ògiri. O wá fi ohùn tí o fi ń kí àwọn àna rẹ dáhùn, ó ń dùn bí oyin, pé, "Alihamudulilahi, ara wọn ti le. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú wa." Ó ní, "Ṣé ìrora ń dínkù?" O ní, "Ó ń dínkù lágbára Ọlọ́run." Ó tún ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ò wú?" O ní, "Rárá o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Habeebat, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti tó ìkúùkù rẹ níbi tí mo sùn sí, ìwọ náà sì lo fi aṣọ tútù lé e lórí ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn.

Mo bi ọ́ léèrè ìdí. O rántí ohun tí o wí? O ní, "Màmá, ṣé kí n wá máa fi ẹnu ara wa pe ibi sí ara wa lára lójú ẹni ẹlẹ́ni ni? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ." Ọ̀rọ̀ tèmi lo gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi ni mo fi kọ́ ọ láti kékeré pé bí àgbà bá bèèrè ara rẹ, ọpẹ́ ni kí o kọ́kọ́ dá. Nígbà tí o sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo fa ọwọ́ tí mo nà padà. Mo ní bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ á ṣẹ. Lọ́jọ́ kejì o padà sí Igbemo, torí oúnjẹ àwọn tó ń bá Khalifa lé ẹyẹ lóko ìrẹsì, o sì fi èmi àti ọ̀rọ̀ rere rẹ sílẹ̀ nínú yàrá.

Mi ò lè sọ Sátidé yẹn àti Àìkú tó tẹ̀ lé e fún ọ tán. Ara mi gbóná bí ààrò. Mo gbé oògùn mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, èyí tí wọ́n ní kí n lo lẹ́ẹ̀mẹta di ẹ̀ẹ̀mẹfà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí pẹ̀lú, eyín kò sì gbọ́. Mo fẹ́ pe ilé ìwòsàn, mo wá rò ó pé kí ni n ó sọ fún wọn? Ọmọ mi ti sọ fún wọn pé ara mi le. Ṣé kí n sọ ọ́ di òpùrọ́ ni? Wo irú ìwà òmùgọ̀ tí ìtìjú ń mú èèyàn hù. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Àìkú, ẹnu mi ti há. Omi ni mo ń fi ṣíbí kékeré rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè.

Ọlọ́run ló rán Sàlámì àbúrò mi wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ṣòkòtò ló gbé wá kí n bá a tún ìdí rẹ̀ ṣe. Ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó wò mí, ó ju ṣòkòtò sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n! Èèyàn kankan ò sí ní ulé yìí ni?" Mi ò lè dáhùn. Ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó fi apá kan gbá mi mú títí a fi dé ilé ìwòsàn eyín.

Nọ́ọ̀sì Bùsáyọ̀ rí mi, ó pariwo. Ó sáré mú káàdì mi wá, ó ṣí i síwájú mi. Habeebat, ojú mi ni mo fi kà á. Ní ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó kọ ọ́ pé ara ti le, ìrora ń dínkù, kò sí wíwú, ọmọ wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ọjọ́ kẹta gan-an ni mo pè yín. Ká ní ọmọ yín sọ òótọ́ fún mi, ọjọ́ náà là bá ti ṣí i, ì bá má dà báyìí." Omi ti lé sí i lójú. Inú sì bí mi sí òun náà. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ sẹ́yìn bébà kan pé, "Ìwọ kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni? O kò mọ̀ pé bí èèyàn bá ń kú lọ, tí o bá ní ara ńkọ́, a dúpẹ́ ni yóò wí?" Ó kà á. Ó ní, "Mo mọ̀, Ìyá. Ìdí tí mo fi béèrè lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo rí ààyè sọ òótọ́. Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

N kò ní fi tèmi pamọ́ fún ọ. Bí mo ti ń bínú lọ́wọ́, Dókítà Ayọ̀rìndé wọlé, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ara ńkọ́?" Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, láàárín eyín tó há, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tó bọ́ọ̀lù, mo gbọ́ ara mi tí mo ń wí pé, "Alihamudu..." Nọ́ọ̀sì Bùsáyọ̀ lu itan rẹ̀ pàá. Ó ní, "Ẹ tún ti ń dúpẹ́!" Ojú tì mí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀ mọ́, kí n na ìka. Bí kò bá dùn mí rárá, kí n di ọwọ́. Bó bá jẹ́ èyí tí n kò lè fara dà, kí n na mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo na mẹ́jọ. Mẹ́wàá ni, Habeebat. Àní nígbà yẹn náà, mo ń wá bí n ó ṣe bu díẹ̀ kúrò kó má baà dà bíi pé mò ń ṣe àṣejù.

Wọ́n ṣí eyín náà padà. Ọyún tó jáde níbẹ̀, n kò ní kọ ọ́ sínú ìwé tí aboyún máa kà. Bó ti ń jáde ni ìtura ń wọlé, mo sì sunkún, kì í ṣe ti ìrora. Wọ́n fún mi ní oògùn mìíràn tí n ó lò tán, bó ti wù kí ara mi yá tó. Wọ́n fún mi ní àwọn igi pẹlẹbẹ kan tí n ó máa tò léra láàárín eyín láràárọ̀ kí àgbọ̀n lè máa là díẹ̀díẹ̀. Ní ti eyín fúnra rẹ̀, Dókítà ní òun kò lè sọ bóyá yóò dúró. Ó ní ká fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá dúró, wọn yóò yọ ọ́, a ó sì ti jìyà lásán. Eyín tí wọ́n ti tọ́jú tán dáadáa ni o.

Kí n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Nọ́ọ̀sì Bùsáyọ̀ dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìyá, níta, ìkíni ni 'ara ńkọ́'. Níbí, ìbéèrè ni. Ẹ kí wa tán, kẹ́ ẹ wá dá wa lóhùn." Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń rò ó. Ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìkíni lọ.

Wàyí o, ìwọ. Má rò pé mo ń bá ọ jà torí pé o dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ rere ni Alihamudulilahi, òun ni n ó sì máa wí títí n ó fi kú. Irọ́ tí o so mọ́ ọn nídìí ni mo bínú sí. Ṣé o rò pé Ọlọ́run kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ wú ni? Òun mọ̀. Àwa tó yẹ kó mọ̀ ni o ń fi í pamọ́ fún. Wọ́n ń pè ọ́ níbi àyẹ̀wò, o ní o wà dáadáa. Ìyá rẹ béèrè, o ní kò sí nǹkan kan. Ṣé ìgbà tó bá di ariwo ni n ó wá gbọ́?

Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Má rò pé mo ti gbàgbé oyún àkọ́kọ́ tó bọ́ lára rẹ lọ́dún méjì sẹ́yìn. O sọ fún àwọn èèyàn pé ìdí ń dùn ọ́, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e oyún náà bàjẹ́, láti ìgbà náà lo sì ti ti ẹnu rẹ pa bí ẹni ti ìsọ̀. O rò pé sísọ tí o sọ ọ́ ló fà á. Habeebat, àìsàn kò ní etí. Bí o sọ ọ́, kò gbọ́. Bí o kò sọ ọ́, kò mọ̀. Dókítà ló ní etí. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, tìrẹ sì ti di ti èèyàn méjì báyìí. O lè fi ẹnu ara rẹ ṣe ohun tó wù ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nínú rẹ kò tíì ní ẹnu tí yóò fi sọ tirẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ fún àyẹ̀wò lánàá, mo kọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ sínú bébà fún Nọ́ọ̀sì Bùsáyọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ wíwú nìkan lè máà jẹ́ nǹkan kan lára aboyún, ṣùgbọ́n kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ láìjáfara. Ó wá fi ohùn líle sọ èyí tó kù. Ó ní bí orí bá ń fọ́ ọ mọ́ ọn, tàbí tí ojú rẹ ń ṣe bàìbàì, kí o má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò kankan, kí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, torí ó lè gba ẹ̀mí ìyá àti tọmọ. Mi ò mọ̀ bóyá orí ń fọ́ ọ. Èmi tí mo bí ọ kò mọ̀, torí bí mo bá bi ọ́, mo mọ èsì tí n ó gbà. Ṣé o wá rí ohun tí o sọ èmi àti ìwọ dà?

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí í ṣe ọjọ́ àyẹ̀wò yín, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, n ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ dídì. A jọ ń lọ síbi àyẹ̀wò ni. N kò lè bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìwọ ni yóò sọ ọ́. N ó jókòó tì ọ́, n ó máa wo ẹnu rẹ. Bí o bá bu ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀, n ó mọ̀, torí ọ̀dọ̀ mi ni o ti kọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kí ó sọ ẹrù inú rẹ kalẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kí o sì bí tibi tire. Kí ó má jẹ́ kí n fi ojú mi rí ohun tí ń bẹ nínú ọkàn mi yìí. Kí ó fún Khalifa ní èrè oko rẹ̀, kí ó sì fún ìwọ ní ẹnu tí ń sọ òótọ́ nígbà tó bá tó àkókò. Amin.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń bínú sí ọ, tí kò sì ní ẹlòmíràn tó lè bínú sí bẹ́ẹ̀,

Sìmíátù.

Àfikún: Mo ti ń pa bébà yìí pọ̀ kí n fi rán awakọ̀ Igbemo nígbà tí Khalifa pè. Ó kí mi, ó ní, "Màmá, ẹnu yín ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ tí o mọ̀ yẹn ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ó ń dùn mí, Khalifa. Ó ń dùn mí gan-an." Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Màmá, ó ń dun Habeebat náà. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín. Láti àná ni orí ti ń fọ́ ọ, ó ní òun ń rí nǹkan bí iná wẹ́wẹ́ lójú."

Mo ti ní kí ó gbé ọ sínú mọ́tò, kí ó má dúró mú ohunkóhun, kí ẹ máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá níbí. Sàlámì ti ń dúró dè mí níta. Lẹ́tà yìí kò ní dé Igbemo mọ́, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni n ó ti fi lé ọ lọ́wọ́, n kò sì bínú mọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí wọ́n bá ti bi ọ́ léèrè, sọ gbogbo ibi tó ń dùn ọ́. Ti ọpẹ́, fi sílẹ̀ fún mi. Èmi ni n ó máa bá ọ dá a.